Ebè Kan Láàrin Agbami

Mọ́níyà, ní ìpẹ̀kun Ìbàdàn, ni mò ń gbé, iṣẹ́ òkun ni mo sì ń ṣe. Ẹ rẹ́rìn-ín tán ná, mo dúró dè yín. Àwọn ará àdúgbò mi ti rín tiwọn títí tí ẹ̀rín náà fi sú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ rí òkun láti ilé mi, ọkọ̀ ló máa wọ̀, á sọ̀, á tún wọ òmíràn, á jókòó sínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, ebi á pa á, á jẹun, ebi á tún pa á, kó tó gbúròó omi. Èmi fúnra mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Omi tó jìn jù tí mo fọkàn tán ni ti inú korobá. Síbẹ̀, bí ìjì líle bá ń múra àtijà lórí agbami níbi tí ẹnikẹ́ni nínú ìran wa kò fojú kàn rí, èmi tí mo jókòó sí pálọ̀ nínú ṣòkòtò péńpé yìí ni mo máa sọ fún yín bí ìgbì ibẹ̀ ṣe máa ga tó lọ́la àti lọ́túnla.

Iṣẹ́ ìṣirò ni. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò, èmi ni mò ń bọ́ ọ. Àwọn tó fẹ́ kọ́ èbúté, àwọn tó fẹ́ ri òpó mọ́lẹ̀ nínú òkun, wọ́n á wá bá ilé iṣẹ́ wa pé ká sọ fún wọn bí òkun ṣe lè burú tó ní ọjọ́ tó bá burú jù. Ọjọ́ tó burú jù yẹn ni oúnjẹ wa. Ọjọ́ tí òkun bá dákẹ́ bí ẹ̀kọ àná, kò sẹ́ni tó ń kí wa.

Bọ̀dá Onígbì ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò. Ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi láti ojú títì bi mí nígbà kan pé, "Bọ̀dá Onígbì, ṣé òjò máa rọ̀ lónìí?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Ẹ mọ ti òkun, ẹ ò mọ ti Mọ́níyà?"

Òjò náà pa àwa méjèèjì kí a tó délé.

Màmá mi nìkan ni iṣẹ́ yìí yé dáadáa, àfọwọ́fà mi sì ni, nítorí ebè ni mo fi ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Erúnmu ni wọ́n ń gbé, nínú ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n, aládùúrà sì ni wọ́n, ti ìjọ aláṣọ funfun. Bí wọ́n bá wọ aṣọ oko, orin lẹ máa gbọ́. Bí wọ́n bá bọ́ ọ sílẹ̀ tí wọ́n wọ sùtánà, orin náà ni, àfi pé ó máa ń gùn jù ti oko lọ. Mo lọ kí wọn lọ́jọ́ kan, mo bá wọn nídìí ebè iṣu tó wà lẹ́yìnkùlé. Wọn ò tilẹ̀ nàró.

"Kí ni iṣẹ́ tí ò ń ṣe gan-an? Àwọn ará ìjọ bi mí, mo ní iṣẹ́ òkun ni. Wọ́n ní ṣé inú ọkọ̀ lo wà ni? Mo ní inú ilé ló wà. Wọ́n ní kí n máa gbàdúrà fún ọ gidigidi."

Mo ní, "Màmá, ẹ wo ebè yìí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé òkun ni gbogbo oko yìí. A pín in sí ebè-ebè láti etí kan dé ìkejì. Kọ̀ǹpútà á gun orí ebè kan, á bi í léèrè: atẹ́gùn tó fẹ́ lù ọ́ ti pọ̀ tó? Ìgbì wo ni ebè ẹ̀yìn rẹ tì sọ́dọ̀ rẹ? Èwo ló ti fọ́ dànù mọ́ ọ lọ́wọ́? Èwo lo máa tì sí ebè iwájú? Bó bá ti gba èsì, á bọ́ sórí òmíràn. Bó bá yí oko ká tán, á tún padà sí ti àkọ́kọ́, nítorí pé ilẹ̀ ti ṣú díẹ̀ sí i lórí òkun, ọ̀rọ̀ ti yí padà."

"Kì í rẹ̀ ẹ́ ni?"

"Kọ̀ǹpútà ni, Màmá."

"Ṣé òun náà kì í ṣẹ̀dá ni?" Wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ lé ebè, wọ́n fọwọ́ gbá a. "Kí ló wá ń sọ ìgbì di ńlá?"

"Atẹ́gùn ni. Bí oko bá gùn, tí atẹ́gùn ń ti orí poro kan fẹ́ lọ láìsinmi, ìgbì kékeré á máa gba díẹ̀ lọ́wọ́ ebè kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá. Nígbà tó bá fi dé ìpẹ̀kun oko, kì í ṣe ọmọdé mọ́."

Wọ́n tọ́ka sí àpáta kékeré kan tó yọrí láàrin ebè. "Ibi tí òkúta bá wà ńkọ́?"

"Ìyẹn kì í ṣe omi. A máa ń kọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà pé ilẹ̀ nìyí. Bí ìgbì bá dé ibẹ̀, ó parí. Ẹ̀yìn rẹ̀ á sì parọ́rọ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni wọ́n wí. Mo rò pé wọ́n kàn dá mi lóhùn ni. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ká ọ̀rọ̀ náà, wọ́n fi pamọ́ bí ẹni tọ́jú irúgbìn.

Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Ọ̀kan ń ka òkun nínú ilé, ìkejì ń se ọbẹ̀ lórí rẹ̀. Àbúrò mi, kúùkù ni nínú ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan. Láti kékeré ló ti mọ oúnjẹ sè. Òun ló ń dáná nígbà tí Màmá bá wà lóko, èmi ni mo ń ka ìwé, mo sì ń jẹun. Kò sí ohun tó yí padà nínú ètò yẹn títí di òní. Bí mo bá ń ṣe fáàrí fún un pé mo mọ òkun, ẹ̀rín ló máa ń rín. "Bọ̀dá mi, òótọ́ ni, ẹ̀yin lẹ mọ òkun. Èmi ni òkun mọ̀."

Ó ṣẹlẹ̀ ní àsìkò òjò, nígbà tí àgbàdo ń tán lọ tí iṣu tuntun ń yọjú. Ọkọ̀ àbúrò mi ń bọ̀ láti ìlà oòrùn ayé, ó fẹ́ yí ìdí ilẹ̀ Áfíríkà po kó tó gòkè bọ̀ wá sílé. Ìdí ilẹ̀ Áfíríkà yẹn, ibi tó le ni. Omi kan wà níbẹ̀ tó ń ṣàn wálẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀ bí odò nínú òkun. Ìgbì ńlá sì ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ níbi tí òtútù wà, níbi tí kò sí ilẹ̀ kankan tó lè dá atẹ́gùn dúró. Bí ìgbì tó ń gòkè bá pàdé omi tó ń ṣàn wálẹ̀, ìkankan ò ní yà fún ìkejì. Ìgbì náà á sún kì, á ga, ojú rẹ̀ á dúró ṣánṣán bí ògiri.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo sì rí ìjì kan tó ń dìde láti ìsàlẹ̀ yẹn. Àwọ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n: búlúù ni omi jẹ́jẹ́, àwọ̀ ewé ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọ̀ ìyeyè, lẹ́yìn náà pupa. Pupa inú àwòrán yẹn tó èyí tí mo lè fi wé ata lílọ̀. Mo sáré tún un ṣírò. Ó tún pupa sí i. Mo wo ibi tí ọkọ̀ àbúrò mi máa wà nígbà tí pupa náà bá dé ìdí ilẹ̀, mo rí i pé àwọn méjèèjì fẹ́ bọ́ sórí ebè kan náà.

Mo pè é. Orí ló yọ mí, nẹ́tíwọ́kì ọkọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́.

"Bọ̀dá mi, ẹ káàárọ̀ o, sà."

"Káàárọ̀. Níbo lẹ wà báyìí?"

"Orí omi."

"Má bá mi ṣeré. Ìjì ń bọ̀ níwájú yín."

"Wọ́n ti mọ̀. Wọ́n ti ní kí n di gbogbo ìkòkò mọ́lẹ̀, kí n se ohun tí èèyàn lè jẹ lórí ìdúró."

"Kí ọ̀gá ọkọ̀ yín yà sí èbúté, kó jẹ́ kó kọjá."

"Wọ́n ní èbúté ti tì nítorí atẹ́gùn. Wọ́n ní bí ìjì bá ká ọkọ̀ mọ́ tòsí ilẹ̀, àpáta ló máa gbá a mọ́ra. Wọ́n ní ojú agbami ló sàn, a ó kọjú sí i, a ó máa rọra gùn ún."

"Bá mi sọ fún wọn pé..."

"Bọ̀dá mi." Mo gbọ́ tí ó ń gé nǹkan, àlùbọ́sà bóyá. "Kúùkù ni mí. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè pàṣẹ fún nínú ọkọ̀ yìí ni iyọ̀."

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀. Wọ́n dá mi lóhùn kíákíá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: wọ́n dúpẹ́, àwọn náà ní àwọn tó ń ṣírò ìgbì fún wọn. Wọ́n tilẹ̀ fi àwòrán tiwọn ránṣẹ́ kí n lè rí i pé àwọn ò sùn. Ó jọ tèmi bí ìbejì, àfi pé pupa tiwọn fẹ̀ ju tèmi lọ. Mo lọ bá ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Wọ́n wo àwòrán náà, wọ́n mi orí. "Ìṣirò yìí dára púpọ̀," ni wọ́n wí. Ẹ gbọ́ ná, ìyìn ni wọ́n fi dá mi lóhùn! Láti ọjọ́ tí mo ti ń bá iṣẹ́ yìí bọ̀, ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé àìmọ̀ ló ń pa èèyàn. Ọ̀gá ọkọ̀ mọ̀. Ọlọ́kọ̀ mọ̀. Èmi mọ̀. Ẹni tó ń gé àlùbọ́sà pàápàá mọ̀. Ìmọ̀ kún ilé, ó kún ọkọ̀, ìjì sì ń bọ̀.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí Màmá ní ọjọ́ kejì. Mùsùlùmí ni ìyàwó mi, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju tèmi lọ, ẹ̀yin náà sì ti rí bí tèmi ṣe mú. Ó kígbe pé, "Dádì! Màmá Erúnmu ti dé o, òjò sì ti bá wọn wọ inú ilé!"

Lóòótọ́, omi ń ro lára wọn. Wọ́n ti wọ ọkọ̀ láti Erúnmu dé Adégbàyí, wọ́n ti dúró nínú òjò níbẹ̀ kí wọ́n tó rí èyí tó gbé wọn gba inú Ìbàdàn kọjá sọ́dọ̀ wa. Kẹ́ẹ̀gì omi àdúrà wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, sùtánà wọn wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ òsì, òun nìkan ni òjò kò pa.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ ò jẹ́ ká wá gbé yín?"

"Ta ló máa gbé mi? Ẹni tó ń wo àbúrò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí kò wí fún mi?" Àbúrò mi ló ti pè wọ́n. Ó ní kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú àdúrà, Bọ̀dá òun ní ìjì ń bọ̀. "Fi hàn mí."

Ìyàwó mi ní kí wọ́n kọ́kọ́ pàrọ̀ aṣọ, kí wọ́n mu nǹkan gbígbóná. Wọ́n ní, "Àlájà mi, ààwẹ̀ ni mo wà." Ìyàwó mi kò dé Mẹ́kà rí, orúkọ tí wọ́n fi ń pè é nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti mú un wálé. Ó mú aṣọ ìnura wá, ó sì ń nu orí wọn bí ẹni nu orí ọmọ.

Wọ́n jókòó ti kọ̀ǹpútà. Kò sẹ́ni tó wọ bàtà mọ́ nínú pálọ̀ náà. Bí wọ́n bá ti gbé omi àdúrà kalẹ̀ síbì kan, ibẹ̀ ti di ilẹ̀ mímọ́. Wọ́n bu omi náà sínú ife, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, omi àti kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọ̀rẹ́."

"Ṣebí iṣẹ́ omi ló ń ṣe?"

Ìyàwó mi yíjú sí ògiri kí n má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. Mo rọra sún ife náà díẹ̀. Wọ́n rọra sún un padà.

"Pupa yìí ńkọ́?"

"Ibi tí ìgbì ti ga jù nìyẹn."

"Ga bíi kí ni?"

"Ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì yín, pẹ̀lú ilé agogo tó wà lórí rẹ̀."

"Ó ga tó o?"

"Ó jù ú lọ."

Wọ́n tún gèlè wọn dì, bẹ́ẹ̀ kò tú. "Àbúrò rẹ dà?"

Mo fi ìka hàn wọ́n. Ọkọ̀ náà kò hàn nínú àwòrán, kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Mo kàn mọ ebè tó wà ni. Wọ́n sún mọ́ ọn títí tí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú kọ̀ǹpútà.

"Ìwọ lo kọ ebè yìí?"

"Màmá, èmi kọ́ ni mo dá òkun."

"Mi ò bi ọ́ léèrè òkun. Ta ló kọ ebè?"

"Èmi ni."

"Ó dáa. Fi ẹyọ kan yẹn sílẹ̀ kó sinmi. Má ti ìgbì kankan síbẹ̀. Ṣé o ò rí bí a ṣe ń ṣe lóko ni? Ilẹ̀ tó bá rẹ̀, a kì í gbin nǹkan sí i."

Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo ní àwòrán lásán ni, ohun tí mo bá ṣe sí i kò kan omi. Wọ́n gbọ́ mi tán, pẹ̀lú sùúrù, bí adájọ́.

"Àwòrán yẹn lo fi mọ̀ pé ìjì ń bọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Nígbà tó ń sọ ibi, òótọ́ ló ń sọ. Kí ló dé tó fi máa di irọ́ bó bá sọ ire?"

"Atẹ́gùn ló ń sọ fún un, Màmá, kì í ṣe èmi."

"Ta ló ń sọ fún atẹ́gùn?"

Ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ẹ bá mi dáhùn. Wọ́n dìde, wọ́n lọ wọ sùtánà wọn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà nínú ilé náà. Màmá kúnlẹ̀ sí igun kan, wọ́n kọjú sí ìlà oòrùn. Ìyàwó mi tẹ́ ení ìrun rẹ̀ sí igun kejì, òun náà kọjú sí ìlà oòrùn. Bó bá kírun tán, á jókòó síbẹ̀, á máa fa tẹ̀sùbáà. Èmi nìkan ni mo kọ̀yìn sí ìlà oòrùn, nítorí ara ògiri kejì ni ibi tí wọ́n ń ki wáyà iná sí wà. Wọ́n tún ti mú iná lọ. Ìkùukùu bo ojú ọ̀run, pánẹ́ẹ̀lì orí òrùlé ò rí oòrùn mu, jẹnẹrétọ̀ ló ń pariwo lẹ́yìn ilé tó ń bọ́ kọ̀ǹpútà. Ariwo rẹ̀ fẹ́ bo ohùn àdúrà. Màmá gbé ohùn sókè, wọ́n borí rẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà tí ìròyìn atẹ́gùn tuntun bá wọlé, mo máa ń fi bọ́ kọ̀ǹpútà, mo sì máa ń retí pé pupa náà á dín kù. Kò dín kù. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àṣìṣe inú iṣẹ́ mi. Mo wá a bí ẹni ń wá owó tó sọnù. Mo yẹ bí omi ṣe jìn sí wò, mo yẹ atẹ́gùn wò, mo yẹ àwọn ìlà tí mo ti kọ láti ọdún tó pẹ́ wò. Mo wo ìṣirò àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ òkèèrè, bóyá ẹnìkan á ta kò mí. Gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan. Ní ọjọ́ mìíràn, bí gbogbo wa bá fohùn ṣọ̀kan báyìí, inú wa á máa dùn, a ó máa ki ara wa. Lọ́jọ́ yẹn, àdúrà tí èmi ń gbà nídìí kọ̀ǹpútà ni pé kí Ọlọ́run sọ mí di òpùrọ́.

Ohun kan sì wà tí mi ò sọ fún Màmá. Gíga ìgbì tí à ń kọ sílẹ̀, ti àpapọ̀ àwọn tó ga ni, tí a pín dọ́gba. Láàrin wọn, ẹyọ kan lè dá yọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó méjì wọn. Ó máa wá, ìṣirò mọ ìyẹn. Ìgbà tó máa wá, àti ọkọ̀ tó máa bá pàdé, kò sí kọ̀ǹpútà kan láyé tó mọ̀. Màmá bi mí pé, "Ṣé gbogbo rẹ̀ náà nìyí?" Mo ní gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ tí pupa náà gun orí ebè àbúrò mi, fóònù rẹ̀ ti dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àmì kékeré tó máa ń fi hàn pé ó dé kò yọ. Màmá kò tíì jẹun. Òjò ń lu òrùlé wa, òjò jẹ́jẹ́ ti àwọn àgbẹ̀, kò mọ nǹkan kan. Mo jókòó. Mo ti ṣe gbogbo ohun tí iṣẹ́ mi mọ̀ ọ́n ṣe, iṣẹ́ mi sì pé, kò sí àléébù kankan lára rẹ̀.

Ìka mi ló lọ, orí mi kò rán an. Mo ṣí ibi tí a ń kọ ìjìn omi sí, mo wá ebè àbúrò mi rí láàrin àìmọye ebè. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ bí omi ṣe jìn níbẹ̀ sí. Mo pa á rẹ́. Mo kọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà pé ilẹ̀ nìyí. Mo ní kó tún un ṣírò.

Pupa náà ti ìsàlẹ̀ bọ̀ bó ṣe ń bọ̀ látàná. Ó dé ibi ebè kan yẹn, ó pín sí méjì, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kọjá. Lẹ́yìn ebè náà, àwọ̀ ewé gùn lọ tééré, bí òjìji igi nírọ̀lẹ́.

Mi ò mọ̀ pé Màmá ti dúró lẹ́yìn mi.

"Kí nìyẹn?"

"Ilẹ̀ ni, Màmá."

"Ilẹ̀ wà níbẹ̀?"

"Kò sí."

"Ìwọ lo fi síbẹ̀."

"Èmi ni."

Ohun tí mo ń retí ni Halelúyà. Wọ́n kò pariwo. Wọ́n wò ó, wọ́n tún wò ó, bí wọ́n ṣe máa ń wo iṣu kí wọ́n tó sọ bóyá ó jiná.

"Irọ́ ni, nígbà náà."

"Irọ́ ni."

"Ìwọ náà sì mọ̀."

"Mo mọ̀, Màmá."

Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná," ni wọ́n wí. "Jẹ́ ká jọ wò ó díẹ̀."

Ìyàwó mi bá wa níbẹ̀, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo ṣàlàyé fún un. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ilẹ̀ kékeré náà. "Dádì, ilẹ̀ lásán? Ẹ ò lè kọ́ ilé sí i fún un?"

"Kó ní kíṣìnì," ni Màmá wí.

"Kó ní kíṣìnì tó fẹ̀, Màmá. Ẹ mọ̀ pé ó máa ń fi ọwọ́ gbá nǹkan."

"Kí wọ́n gbin ata sẹ́yìnkùlé."

A rẹ́rìn-ín, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí tí ohùn Màmá fi yí padà láàrin ẹ̀rín náà. Ìyàwó mi di ọwọ́ wọn mú. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo. A ń wo ilẹ̀ tí kò sí.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ fi dé láti ọ̀dọ̀ àbúrò mi, pupa ti kọjá lórí ebè rẹ̀, ó ti gba ìlà oòrùn lọ. Kò pe wá, ohùn ló gbà sílẹ̀ tó fi ránṣẹ́. Ohùn náà ti ha. "Bọ̀dá mi, ẹ sọ fún Màmá pé mo wà láàyè. Gbogbo ìkòkò tí mo dì mọ́lẹ̀, ìkankan ò já. Èmi tí n ò di ara mi, èmi ni mo já." Apá rẹ̀ ti kán. Ìgbì kan ló gbá ọkọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan tó dá yàtọ̀ láàrin àwọn yòókù, ó sì gbé àbúrò mi láti ibi iná dé ara ògiri kejì. Ó ní òun bú u, kò sì dá òun lóhùn.

Màmá ní kí n tún un gbé sí i. Mo gbé e sí i títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n sórí bí orin. Ìyàwó mi ti gbé ọbẹ̀ kaná. Àmọ́ Màmá tún bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà.

"Pupa yẹn dà?"

"Ó ti kọjá, Màmá."

"Ó kọjá lọ síbo?"

Mo fi hàn wọ́n. Ó ti bọ́ sórí àwọn ebè mìíràn.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Ọkọ̀ máa ń wà níbẹ̀."

Wọ́n wo ọbẹ̀ tí ìyàwó mi gbé kalẹ̀, wọ́n wo àwòrán náà. Wọ́n ní kó bo ọbẹ̀ náà dè wọ́n. Wọ́n padà sí igun wọn.

Mo ní láti tún ìṣirò náà ṣe fún iṣẹ́. Ilẹ̀ kékeré yẹn ń ba gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́. Òjìji rẹ̀ ń parọ́ fún ebè tó pọ̀, bóyá fún àwọn ọkọ̀ tí Màmá ń tìtorí wọn gbààwẹ̀ gan-an. Mo wá a rí, mo sì kọ ìjìn omi padà síbẹ̀. Ìka kan ni iṣẹ́ náà gbà. Ó wọ̀ mí lára ju bí mo ṣe rò lọ.

Àbúrò mi wálé, ó jókòó sí Erúnmu títí apá rẹ̀ fi san. Màmá bẹ̀ ẹ́ kó má padà. Ó ní, "Kí n wá máa ṣe kí ni, Màmá? Kí n máa dáná fún ewúrẹ́?" Ó se àsáró fún wa lọ́jọ́ tó máa lọ, pẹ̀lú ọwọ́ kan tí kò tíì le dáadáa, ó sì dùn, kí n má purọ́. Lẹ́yìn náà ló lọ.

Nísinsìnyí tí mò ń kọ èyí, ọkọ̀ wọn tún ti ń sún mọ́ ìdí ilẹ̀ Áfíríkà. Màmá pè mí láàárọ̀ yìí láti oko. Mo gbọ́ tí ọkọ́ ń kan òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Àwọ̀ wo ló wà lórí ebè àbúrò rẹ?"

"Ìyeyè, Màmá."

"Ó ń lọ sí ewé ni àbí ó ń lọ sí pupa?"

"Pupa."

Ọkọ́ náà dúró. "Ilẹ̀ yẹn, o ò tún fi síbẹ̀?"

"Rárá, Màmá. Omi ni mo fi sílẹ̀."

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Omi náà ṣáà ni." Wọn ò pa fóònù, èmi náà ò pa á. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Máa wò ó."

"Mò ń wò ó, Màmá."